Mẹ́kúrì àti Wúrà Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: Ìsopọ̀ Tí Iná Ń Tú àti Èyí Tí Ara Ò Lè Tú

Ọ̀rọ̀ góòlù ti gba ẹnu kan ní Iléṣà láti ìgbà tí owó rẹ̀ ti ń gun òkè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, áńsì wúrà kan kọjá 4,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í sì pẹ́ kó tó dé Ìtagúnmọdi, Ifẹ̀wàrà àti Ìperindó. Bí wọ́n bá sì ti dárúkọ àwọn awakùsà, ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì, mẹ́táàlì olómi tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ, ló máa ń tẹ̀ lé e. Ìjọba ní kí wọ́n má lò ó mọ́, àwọn akọ̀ròyìn ń kọ̀wé lé e lórí, àwọn tó ń gbé létí odò sì ń bẹ̀rù omi tí wọ́n ń pọn. Ohun tí mi ò tíì rí kí wọ́n jókòó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa lédè wa ni ìdí rẹ̀ gan-an. Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́kúrì ló ń mú wúrà? Kí ló dé tó fi ń fi wúrà sílẹ̀ bí iná bá ti kàn án, tó sì jẹ́ pé bó bá wọ ọpọlọ ọmọ ènìyàn, kì í fẹ́ jáde mọ́?

Bí átọ́mù mẹ́kúrì, ìyẹn wóró rẹ̀ tó kéré jù lọ, ṣe ń so mọ́ nǹkan ló dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Ìsopọ̀ tó wà láàárín òun àti wúrà dẹ̀, iná sítóòfù lásán tó láti tú u. Èyí tó wà láàárín òun àti imí-ọjọ́ le koko, imí-ọjọ́ sì wà káàkiri ara wa. Gbogbo ohun tó kù nínú àlàyé yìí, orí ìyàtọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Oríṣi méjì ni wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀kan wà nínú òkúta, nínú ìlà òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní quartz, irú èyí tó wà ní Ìperindó. Èkejì ni èyí tí òjò ti wẹ̀ kúrò lára òkúta láti ọjọ́ pípẹ́, tó ti kó sínú yanrìn àti ẹrẹ̀ etí odò. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń wà ní Ìtagúnmọdi. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á da ẹrẹ̀ sórí pákó tó dagun, tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, wọ́n á wá máa da omi lé e. Wúrà wúwo púpọ̀: èyí tó bá kún lítà kan ju kílò 19 lọ, bẹ́ẹ̀ lítà òkúta tí yanrìn ti wá kò tó kílò mẹ́ta. Yanrìn á bá omi lọ, wúrà á há sínú kápẹ́ẹ̀tì. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé yanrìn dúdú tó wúwo náà á há pẹ̀lú rẹ̀, àwọn wóró wúrà tó kúnná jù sì wà láàárín rẹ̀ tí ọwọ́ ò lè ṣà wọ́n.

Ibẹ̀ ni mẹ́kúrì ti ń wọlé. Ẹni tó bá ní i á da díẹ̀ sínú abọ́ tí yanrìn dúdú wà, á bu omi sí i, á sì máa fọwọ́ pò ó. Mẹ́kúrì á máa yí kiri ní róbótó-róbótó, á máa dán. Bó bá kọjá lórí yanrìn, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá kan wóró wúrà báyìí, á bò ó mọ́lẹ̀, ojú wúrà á funfun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wóró yẹn á sì wọnú rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ti kó gbogbo wúrà tán, wọ́n á dà á sínú aṣọ, wọ́n á lọ́ aṣọ náà mọ́ ọn lára. Mẹ́kúrì tó pọ̀ jù á gba ojú aṣọ jáde, ohun tó kù nínú aṣọ á jẹ́ ìṣù kékeré kan tó funfun, tó rọ̀, tí ẹni tí kò mọ̀ kò ní rò pé wúrà wà nínú rẹ̀. Ní ìwọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tó ṣì jẹ́ mẹ́kúrì. Amalgam ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbé e kaná, mẹ́kúrì á fẹ́ lọ, wúrà á sì padà sí àwọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà yá, kò sì gba owó púpọ̀, ìdí tó fi ṣòro láti fi ẹnu lásán lé e kúrò nílẹ̀ nìyẹn.

Nínú gbogbo mẹ́táàlì, mẹ́kúrì nìkan ló jẹ́ olómi ní 25 °C. Kì í dì àfi bí òtútù bá dé nǹkan bí −39 °C, ní 357 °C ó sì ti hó. Wúrà tó jókòó tì í lórí àtẹ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fi to gbogbo ohun ìpìlẹ̀ kò yọ́ àfi ní 1,064 °C. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni àwọn wóró kíún tó ń yí àárín átọ́mù po; ọ̀kan ṣoṣo ni átọ́mù mẹ́kúrì fi ju ti wúrà lọ, 80 sí 79. Mo máa ń rò ó pé ìyàtọ̀ ọ̀kan yìí wà lára ohun tó jọni lójú jù lọ nínú gbogbo ìmọ̀ kẹ́mísìrì.

Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà ní ìta pátápátá ni átọ́mù fi ń so mọ́ ara wọn. Ọ̀kan ni wúrà ní níta, ọ̀kan yẹn sì ń wá ẹnìkejì, nítorí náà átọ́mù wúrà ń pín in lò pẹ̀lú àwọn tó yí i ká, wọ́n á sì di ara wọn mú ṣinṣin. Méjì ni mẹ́kúrì ní, àwọn méjèèjì ti rí ara wọn, wọn ò sì wá ẹlòmíràn. Ohun kan tún wà tó fi kún un. Agbára tó wà láàárín gbùngbùn átọ́mù mẹ́kúrì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sún mọ́ ọn jù fi ń sáré tó ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀. Ohun tó bá ń sáré tó báyẹn, abẹ́ òfin Einstein ló wà: á wúwo sí i, á sì sún mọ́ àárín sí i. Àwọn méjì tó wà níta náà á bá wọn sún wọlé, wọ́n á wá di ohun tí mẹ́kúrì kò fẹ́ pín pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan, tí Peter Schwerdtfeger ti New Zealand wà lára wọn, fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí kò bá sí ti òfin Einstein yìí, ooru tí mẹ́kúrì fi ń yọ́ ì bá fi nǹkan bí 105 °C ga ju bó ṣe wà lọ. Ìyẹn ni pé ohun líle ni ì bá jẹ́ lórí tábìlì wa, kò sì sí awakùsà tí ì bá lè fi kó wúrà nínú abọ́.

Ẹ wo bó ṣe hàn nínú kírísítálì wọn, ìyẹn bí átọ́mù wọn ṣe tò létòlétò nígbà tí wọ́n bá dì. Ẹni tó bá dé Ọjà Àtakúnmọ́sà ní Iléṣà á rí bí àwọn olọ́sàn ṣe ń to ọsàn jọ, tí ìpele òkè ń jókòó sínú kòtò tó wà láàárín ìpele ìsàlẹ̀. Ọsàn tó bá wà láàárín gbùngbùn òkìtì, méjìlá ló ń fara kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni átọ́mù wúrà ṣe tò: méjìlá ló yí ọ̀kan ká, ọ̀nà tí gbogbo wọn fi jìnnà sí i sì dọ́gba, 2.88 ångström. Ångström kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà. Bí òtútù bá mú mẹ́kúrì dì, méjìlá náà ni yóò yí ọ̀kan ká, àmọ́ ìtò rẹ̀ ti yẹ̀: mẹ́fà wà ní nǹkan bí 3 ångström, mẹ́fà yòókù ti sún sẹ́yìn dé nǹkan bí 3.5. Pẹ̀lú bó ṣe dì yẹn, ìdajì àwọn ará ilé rẹ̀ ni kò sún mọ́ ọn dáadáa.

Nígbà tí mẹ́kúrì bá wá pàdé wúrà, nǹkan yí padà. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí mẹ́táàlì tó ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra tó wúrà, ìwọ̀n átọ́mù àwọn méjèèjì sì sún mọ́ra. Nítorí náà mẹ́kúrì lè jókòó sórí àga wúrà nínú kírísítálì láìda ìtò rẹ̀ rú. Nínú ooru tó ga, ó lè gba tó ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àga náà. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì á wá ìtò tuntun tó jẹ́ ti àjọṣe wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Au₂Hg, tí wúrà méjì ti ń bá mẹ́kúrì kan gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni wúrà yọ́ pátápátá sínú mẹ́kúrì. Rárá o. Nínú átọ́mù ẹgbẹ̀rún kan, kò ju ọ̀kan tàbí méjì lọ tó lè jẹ́ wúrà tó yọ́ sínú mẹ́kúrì olómi nínú ooru yàrá. Ìṣù inú aṣọ yẹn, wóró wúrà ló pọ̀ nínú rẹ̀, tí kírísítálì aládàpọ̀ ti bò lójú, tí mẹ́kúrì olómi sì wà láàárín wọn tó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo mẹ́táàlì ni mẹ́kúrì ń bá ṣe báyìí. Fàdákà, tánganran, òjé, sínkì àti bàbà ń gbà á. Irin kò gbà á. Inú ìgò irin tó ń gba kílò 34.5 ni àwọn oníṣòwò ti ń kó mẹ́kúrì láti ayé àtijọ́, irin náà ni a ó sì padà lò nígbà tí a bá dé orí ọ̀nà àbáyọ. Alumíníọ́mù ń gbà á ju bó ṣe yẹ lọ: bí mẹ́kúrì bá rí ojú rẹ̀ tí wọ́n ha, á ba awọ tó ń dáàbò bò ó jẹ́, alumíníọ́mù náà á sì máa jẹrà lọ. Ìyẹn ló fà á tí wọn kì í fi gbà á kí èrò gbé mẹ́kúrì wọ ọkọ̀ òfuurufú. Pípo mẹ́táàlì pọ̀ mọ́ mẹ́táàlì kì í sì í ṣe àjèjì lágbègbè wa. Àwọn orí tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, bàbà tí sínkì àti òjé wà nínú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn díẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà lásán. Àwọn tó rọ wọ́n mọ ohun tí àdàpọ̀ ń ṣe sí bí mẹ́táàlì ṣe ń yọ́ àti bó ṣe ń ṣàn.

Àdàpọ̀ mẹ́kúrì àti fàdákà ni àwọn dókítà eyín fi ń dí eyín. Wọ́n á po ìyẹ̀fun fàdákà, tánganran àti bàbà mọ́ mẹ́kúrì, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á sì le, nítorí kírísítálì tuntun, Ag₂Hg₃, ti hù láàárín wọn. Sódíọ́ọ̀mù tilẹ̀ ń fi agbára mú mẹ́kúrì gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò béèrè: nínú Na₃Hg₂, átọ́mù mẹ́kúrì mẹ́rin ló so mọ́ra wọn ní igun mẹ́rin gígún. Ìwọ̀nyí dára láti mọ̀, ṣùgbọ́n ti wúrà ló kàn wá.

Ohun tó yẹ ká dì mú níbẹ̀ ni pé ìsopọ̀ mẹ́kúrì mọ́ wúrà kò jinlẹ̀. Bí iná bá ti mú un, átọ́mù mẹ́kúrì á já ara rẹ̀ gbà, á sì fò sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oru rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú. Èéfín igi tó wà nídìí iná ni awakùsà ń sá fún, bẹ́ẹ̀ èyí tó lè pa á lára wà nínú rẹ̀ tí kò rí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí àyíká, gbé jáde ní 2018, wíwa wúrà kékeré-kékeré, irú ti àwọn awakùsà yìí, ló ń tú mẹ́kúrì sínú afẹ́fẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ju èyí tó ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń jó èédú ilẹ̀ lọ.

Wàyí o, ká yà sí yàrá ìwádìí. Kẹ́míkà kan wà tí àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì jinlẹ̀, yálà ní Ifẹ̀ tàbí níbòmíràn, ti bá pàdé nínú ìwé tàbí nínú ìgò: Hg[Co(NCS)₄]. Mẹ́táàlì méjì ló wà nínú rẹ̀, mẹ́kúrì àti kóbọ́ọ̀tì. Bí èèyàn bá po omi kóbọ́ọ̀tì tó ní àwọ̀ píǹkì pọ̀ mọ́ thiocyanate, tó wá da omi iyọ̀ mẹ́kúrì sí i, tó ń rò ó, ìyẹ̀fun aláwọ̀ búlúù tó jinlẹ̀ gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò. Ní 1958, Figgis àti Nyholm fi hàn pé ó dára láti fi ṣe òṣùwọ̀n fún ẹ̀rọ tó ń wọn bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa nǹkan, látìgbà náà ló sì ti wà nínú ìgò lórí ṣẹ́ẹ̀fù àwọn onímọ̀ káàkiri ayé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ òun ń sọ òtítọ́, ìyẹ̀fun búlúù yìí ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nípa rẹ̀ ni bí inú kírísítálì rẹ̀ ṣe rí. Okùn kékeré tó so mẹ́táàlì méjèèjì pọ̀, ìyẹn thiocyanate, ní orí méjì: imí-ọjọ́ wà lórí kan, náítírójìn wà lórí kejì, kábọ́ọ̀nù wà láàárín. Kò sí ẹni tó pín wọn fún wọn, wọ́n fúnra wọn ni wọ́n yàn. Gbogbo orí imí-ọjọ́ ló lọ sọ́dọ̀ mẹ́kúrì, mẹ́rin yí ọ̀kan ká. Gbogbo orí náítírójìn ló lọ sọ́dọ̀ kóbọ́ọ̀tì, mẹ́rin yí ọ̀kan ká. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe so kọ́ra káàkiri gbogbo kírísítálì náà, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, láìsí ẹyọ kan tó ṣì yà. Mẹ́kúrì fẹ́ imí-ọjọ́. Átọ́mù rẹ̀ tóbi, ó rọ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sì rọrùn láti fà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ti imí-ọjọ́ náà rí, àwọn méjèèjì á sì yọ́ mọ́ra. Kóbọ́ọ̀tì inú iyọ̀ yìí kéré jù wọ́n lọ, ó sì le jù wọ́n lọ, náítírójìn ló bá a mu.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n. Òkúta pupa tí wọ́n ti ń wa mẹ́kúrì láti ayé àwọn ará Róòmù, ní Almadén ní orílẹ̀-èdè Spéìn, mẹ́kúrì àti imí-ọjọ́ ló jẹ́, HgS. Nínú kírísítálì rẹ̀, mẹ́kúrì kọ̀ọ̀kan di imí-ọjọ́ méjì mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tò ní ìlà gbọọrọ kan. Ìlà gbọọrọ yìí ni mẹ́kúrì fẹ́ràn jù. Ó tún fara hàn nínú HgBa₂Ca₂Cu₃O₈, ohun tí àwọn onímọ̀ ní Zurich fi ya ayé lẹ́nu ní 1993 nígbà tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan ní 133 K, ìyẹn nǹkan bí −140 °C: ọ́síjìn méjì, mẹ́kúrì kan láàárín wọn, ìlà kan náà. Ag₂HgI₄ ti mẹ́kúrì àti fàdákà kò tẹ̀ lé ìlà yẹn. Mẹ́rin mẹ́rin ni áyódíìnì yí mẹ́táàlì rẹ̀ ká, bí ooru bá sì ti dé nǹkan bí 50 °C, mẹ́kúrì àti fàdákà á bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ àga, àwọ̀ rẹ̀ á sì kúrò ní àwọ̀ ìyeyè bọ́ sí àwọ̀ ọsàn pípọ́n. Ó wuni láti wò, kò sì ju ohun tí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kan ti gbóná jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rèé. Àwọn èròjà purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì wa ní imí-ọjọ́ nínú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ibi imí-ọjọ́ yẹn gan-an ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wà. Bí èèyàn bá gbé mẹ́kúrì olómi mì, díẹ̀ kíún báyìí ni ara ń gbà nínú rẹ̀, nítorí kò tíì múra láti so mọ́ nǹkan. Bó bá jẹ́ oru rẹ̀ ló fà símú, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀dọ̀fóró ń gbà. Átọ́mù yìí kò ní ẹrù iná mànàmáná kankan lórí, nítorí náà ó ń gba ojú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, títí kan awọ tó ń ṣọ́ ọpọlọ àti èyí tó wà láàárín ìyá àti ọmọ inú rẹ̀. Nígbà tó bá dé inú sẹ́ẹ̀lì, ara á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì tó wà níta lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ebi imí-ọjọ́ ń pa á. Á di imí-ọjọ́ kan mú lápá ọ̀tún, á di òmíràn mú lápá òsì, ìlà gbọọrọ kan náà tó wà nínú òkúta Almadén, purotéènì náà á sì dẹ́kun iṣẹ́. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èèyàn á máa gbàgbé nǹkan, inú á máa bí i láìnídìí, kíndìnrín á máa ṣàìsàn. Èyí tó bá wà nínú ọpọlọ lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Iná tó tú u lára wúrà kò ṣeé dá sínú ara ènìyàn. Oògùn tó wà fún un, DMSA àti DMPS, imí-ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n fi sínú wọn, kí mẹ́kúrì lè fi ti ara sílẹ̀ kó sì bá ti oògùn jáde nínú ìtọ̀. Wọ́n ń ran kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ wọn kì í wọ inú ọpọlọ dáadáa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ronú pé òun á kó owó góòlù jọ kóun tó wá tọ́jú ara òun.

Mẹ́kúrì tó bá bá ẹrẹ̀ lọ sínú odò tún ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn bakitéríà inú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò dé ń so kábọ́ọ̀nù mọ́ ọn, á di methylmercury. Ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, bó ṣe ń gòkè ni ó ń pọ̀ sí i nínú ẹran wọn, ara imí-ọjọ́ inú ẹran náà ló sì so mọ́. Sísè kò lè yọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minamata ní Japan nìyẹn, tí wọ́n kéde àìsàn rẹ̀ ní 1956, tí àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì sì ń jẹ́ orúkọ ìlú náà títí dòní.

Èyí ló mú kí n fẹ́ tún ohun méjì ṣe nínú bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ní Ọ̀ṣun. Àkọ́kọ́, àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí odò Ọ̀ṣun gbé wọ̀, tó mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn èèyàn yé mu omi náà, ẹrẹ̀ ló ń fún un ní àwọ̀ yẹn. Mẹ́kúrì kì í pa omi láró. Odò lè mọ́ kedere kí mẹ́kúrì wà nínú ẹja rẹ̀, ó sì lè rú kó má sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí omi náà bá padà mọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ewu ti kọjá. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àti ẹja ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Èkejì, ikú àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010, tí àwọn èèyàn máa ń mẹ́nu bà nígbàkígbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ mẹ́kúrì, òjé ló pa wọ́n. Òjé ló wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé. Òkúta kì í rí bákan náà níbi gbogbo, májèlé tó sì wà nínú ti Zamfara kọ́ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa wá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ẹ̀rọ wà nítòsí tó lè ràn wá lọ́wọ́. Ilé ìwádìí agbára tí wọ́n ń pè ní CERD ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń yin átọ́mù mọ́ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, tó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ X-ray tó ń jáde mọ àwọn ohun ìpìlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á sọ ohun tó wà níbẹ̀, kò ní sọ ohun tí ó so mọ́. Ìyàtọ̀ ńlá ni, nítorí mẹ́kúrì tí imí-ọjọ́ ti dì mú nínú òkúta kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ sínú omi, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́ tó bá jẹ́ methylmercury lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bí wọ́n bá ka iye mẹ́kúrì inú ẹrẹ̀ kan fún wa nínú ìròyìn, ìbéèrè tó kù ni pé kí ló so mọ́?

Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata ní 2013, ó sì gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí òfin ní 2018. Àdéhùn náà kò sọ pé kí wọ́n lé àwọn awakùsà kúrò nídìí iṣẹ́. Ohun mẹ́rin ló ní kí orílẹ̀-èdè fòpin sí: dída mẹ́kúrì sórí gbogbo òkúta tí wọ́n wà láìkọ́kọ́ fọ̀ ọ́, jíjó amalgam ní gbangba, jíjó o láàárín ilé gbígbé, àti fífi sáyánáìdì, kẹ́míkà olóró tí wọ́n tún fi ń yọ wúrà, fọ yanrìn tí mẹ́kúrì ti wà nínú rẹ̀ láìkọ́kọ́ yọ ọ́. Ẹni tó bá ka àlàyé òkè yìí á mọ ìdí tí ti ìkẹrin fi wà níbẹ̀. Sáyánáìdì náà mọ bí wọ́n ṣe ń di mẹ́kúrì mú, àdàpọ̀ wọn sì ń yọ́ sínú omi, á bá omi lọ jìnnà.

Lójú tèmi, kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ mẹ́kúrì pátápátá ló dára jù. Ní Benguet ní Philippines, àwọn awakùsà ti ń lo bóráàsì, irú iyọ̀ funfun kan, fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n á fọ yanrìn dúdú náà títí kò fi ní ku púpọ̀, wọ́n á po bóráàsì mọ́ ọn, wọ́n á yọ́ ọ nínú iná tí wọ́n ń fẹ́. Bóráàsì kì í so mọ́ wúrà. Àwọn ìdọ̀tí òkúta ló ń yọ́, tí wọ́n á fi léfòó, tí wúrà á sì rì sísàlẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wa mọ bóráàsì dáadáa, òun ni wọ́n fi ń jó wúrà pọ̀.

Kí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìkòkò onípáìpù tí wọ́n ń pè ní retort ló kéré jù tó yẹ kó wà ní gbogbo kùsà tí wọ́n ti ń lo mẹ́kúrì. Ìkòkò irin tó ní ìdérí tó ṣe gírígírí ni, tí páìpù jáde lórí rẹ̀ tó sì gba inú omi tútù kọjá. Wọ́n á ti amalgam mọ́ inú rẹ̀, wọ́n á dáná sí i nísàlẹ̀, oru mẹ́kúrì á gba inú páìpù, á tutù, á sì padà di olómi sínú abọ́. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ó lè dá èyí tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún padà, owó ni wọ́n sì ń kó padà yẹn. Irin ló gbọ́dọ̀ jẹ́, torí irin kò bá mẹ́kúrì ṣe. Bàbà tàbí alumíníọ́mù á bà jẹ́. Àwọn wẹ́dà ní Iléṣà lè rọ ọ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣí i nígbà tó ṣì gbóná.

Ibì kan ṣì kù tí ojú kì í tó. Wúrà tí awakùsà jó ní kùsà, tó gbé wá tà, mẹ́kúrì kì í tán nínú rẹ̀. Ní inú ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀, ó ṣì lè ku ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìwọ̀n. Nígbà tí ẹni tó rà á bá tún un yọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù láàárín ìlú, níbi tí ọmọ iṣẹ́ àti ìyàwó ilé ti ń kọjá, ibẹ̀ ni èyí tó kù yóò ti jáde, yóò sì lẹ̀ mọ́ ògiri, àjà àti aṣọ. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra góòlù ní Iléṣà àti Ifẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn elétò ìlera ti bẹ̀rẹ̀, nítorí wọn ò pọ̀ tó àwọn awakùsà, wọ́n sì ní àdírẹ́sì. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ nílò ni ibi ìyọ́ tó ní ìbòrí, fáànù tó ń fa oru lọ sínú páìpù, àti èédú tí wọ́n po imí-ọjọ́ mọ́ nínú páìpù náà, nítorí mẹ́kúrì tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò so mọ́ imí-ọjọ́ náà, kò sì ní dé ìta.